Oko Kan Ṣoṣo ni Oko Méjìlá Ìfisìn

Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri. Èmi Bọ́ládé, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tí ẹ mọ̀ sí Àǹtí Kọ̀ǹpútà ní Ìkọ̀lé, ni mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kí n sì sọ ọ́ tán. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, torí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún lọ láti oṣù kẹfà ọdún tó kọjá. Àwọn kan á ní ẹ̀san ni. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, èmi náà sì mọ̀ pé n kì í lo oògùn mi déédéé. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, tí kò lè gé èékánná ara rẹ̀, àwọn ohun tó ti rì sí ìsàlẹ̀ ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń yọrí sí mi jù lọ ni iṣu.

Obìnrin kan wà ní Ìyè-Èkìtì, Christiana lorúkọ wọn, Màmá Èyítáyọ̀ ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá mi kú, àwọn ni wọ́n mú mi, iṣu ọwọ́ wọn ni mo sì jẹ dàgbà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Ìyè pé ọwọ́ Màmá dára fún iṣu. Bí ìgbà gbígbìn bá dé, àwọn ọkùnrin tó gbójú á wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá àwọn fi ẹ̀bù àkọ́kọ́, iṣu tí a gé fún gbígbìn, sínú ebè. Fún ọdún méje gbáko, Màmá kò fọwọ́ kan ẹ̀bù mọ́, ìbáà ṣe tiwọn tàbí ti ẹlòmíràn. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti bàjẹ́. Wọ́n ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, wọ́n sì ti gbà pé èrò yẹn ni àwọn máa gbé wọ ilẹ̀. Ọwọ́ wọn kò bàjẹ́. Èmi ni mo ṣe nǹkan tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, mo sì panu mọ́. Ohun tí mo ń lé láti ìgbà tí àìsàn ti dá mi dùbúlẹ̀ nìyẹn, kí ó kúrò lọ́kàn wọn kí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì tó kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, torí abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà fara pamọ́ sí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo ní lẹ́bàá ọjà, kọ̀ǹpútà méjì àti jẹnẹrétọ̀ kan tó ń wúkọ́. Àwọn ọmọ yunifásítì máa ń gbé iṣẹ́ ìwádìí wọn wá, wọ́n á ní, “Àǹtí, ẹ bá mi ṣe é kó jáde.” Ohun tí wọ́n sábà máa ń fẹ́ mọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹgbẹ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta kan wà, ṣé àròpín wọn yàtọ̀ síra lóòótọ́, àbí èèṣì ni? Àròpín fúnra rẹ̀ kò le. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí ẹ pín in dọ́gba. Ibi tó ti le ni kí èèyàn mọ ìdánwò tó yẹ kó lò. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ́ méjì, ìdánwò kan wà fún wọn, Tíì là ń pè é. Bí wọ́n bá di mẹ́ta, Anófà ló kàn. Bí nọ́ńbà ẹgbẹ́ kan bá ṣù pọ̀ tí ti èkejì fọ́n káàkiri, Anófà lásán lè purọ́ fún yín, ti Wẹ́ẹ̀ṣì ni kí ẹ lò. Bí ọlọ́rọ̀ kan bá wà láàárín ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ tálákà, tí òun nìkan ń fa àròpín lọ sókè, ẹ mú èyí tó ń wo ipò, tí kì í béèrè pé mélòó lo ní, bí kò ṣe ipò kelòó lo wà. Bí ìyàtọ̀ náà bá kọjá ohun tí èèṣì lè ṣe, kọ̀ǹpútà á fi ìràwọ̀ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìràwọ̀ yẹn ni gbogbo wọn ń wá kiri. Dípúlómà ni mo ní, ṣùgbọ́n àwọn tó ní Másítàsì máa ń wa mọ́tò wá bá mi.

Ìbéèrè kan wà tó ṣáájú gbogbo èyí, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó lè bá yín dáhùn rẹ̀. Ṣé àwọn èèyàn tó wà nínú ìwé yẹn dá dúró? Ṣé ohun tí Lágbájá ní kò ti ọwọ́ Tàmẹ̀dò wá? Bí wọn ò bá dá dúró, ẹ dáwọ́ dúró, kò sí ìdánwò kankan nínú àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí tó lè gbà yín. Èmi ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ, mo sì máa ń na ìka sí wọn lójú. Ẹ wo ẹnu tí mo fi ń sọ ọ́.

Ní ọdún 2016, àjọ kan tó ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ gbé irúgbìn iṣu tuntun wá sí agbègbè wa. Àjọ náà ti kógbá sílé, n kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè ni ọ̀gá wọn níhìn-ín, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, alàgbà ní ìjọ rẹ̀. Wọ́n yan àgbẹ̀ méjìlá ní Ìgbólé, kí àwọn gbin iṣu àtijọ́ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Wọ́n yan méjìlá ní Ìyè, kí àwọn gbin iṣu àtijọ́ kí wọ́n fi ajílẹ̀ sí i. Wọ́n yan méjìlá ní Ìfisìn, àwọn ni wọ́n kó irúgbìn tuntun fún. Ọgọ́rùn-ún ebè ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ sí oko tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wa iṣu tán, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n kó ìwé rẹ̀ fún mi pé kí n wò ó bóyá iṣu tuntun dára ju ti àtijọ́ lọ.

Nọ́ńbà Ìgbólé rí bí oko ṣe ń rí. Ẹnì kan wa kílò 71, ẹnì kan wa 240, àwọn yòókù wà láàárín. Ti Ìyè náà bẹ́ẹ̀. Mo dé orí ti Ìfisìn, ọwọ́ mi dúró. 211. 213. 212. 214. 212. Àwọn méjìlá, kò sí ẹni tó fi kílò márùn-ún ju ẹnì kejì lọ. Oko ni mo ti dàgbà. Mo mọ̀ pé ọmọ ìyá méjì kì í wa iṣu dọ́gba lórí ilẹ̀ tí bàbá kan náà pín fún wọn. Mo kọ́kọ́ rò pé Tèmítáyọ̀, ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n rán lọ wọn iṣu, ló jókòó sílé tó ń fi orí kọ nọ́ńbà. Mo pè é lórí fóònù. Inú bí i. Ó ní, “Àǹtí, ojú gbogbo wọn ni mo ti wọ̀n ọ́n. Bí ẹ ò bá gbà, ẹ lọ bi wọ́n.” Ni mo bá gun ọ̀kadà, ó di Ìfisìn.

Mo bá Bàbá Ọlọ́runfẹ́mi, olórí àwọn méjìlá náà, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹyìn lẹ́yìn ilé. Mo kí wọn, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n fún mi lómi. Mo ní, “Bàbá, báwo ni iṣu yín ṣe dọ́gba báyìí?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Kí ló fẹ́ mú un tí kò ní í dọ́gba? Àwa la pín in.” Mo ní kò yé mi. Wọ́n gbé ẹyìn sílẹ̀, wọ́n ṣàlàyé bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. “Urúgbìn tí wọ́n kó wá, gbogbo wa ni wọ́n kó o fún lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí a bá fún èèyàn méjìlá pọ̀, a kì í gbé e lọ ulé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ti ẹnì kan bá kú sínú ebè ńkọ́? Ojú á tì í láàárín ẹgbẹ́. A wá ní ká kọ gbogbo ebè náà sí ulẹ̀ mi tó wà lẹ́bàá odò, èyí tó ti sinmi fún ọdún mẹ́wàá. A jọ kọ ọ́, a jọ ro ó, a jọ wa á. A kó o jọ sójú kan, a pín in sí ọ̀nà méjìlá. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré díẹ̀, a fi uṣu kan kún un fún un.” Mo bi wọ́n bóyá wọ́n sọ fún àwọn tó kó irúgbìn wá. Wọ́n ní, “Wọn ò bi wá. Wọ́n ní kí kálukú gbé uṣu rẹ̀ wá fún wíwọ̀n. Kálukú gbé e wá.” Wọ́n padà sídìí ẹyìn wọn.

Orí ọ̀kadà ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi nígbà tí mò ń padà bọ̀. Kí n tó ṣe àròpín lórí kọ̀ǹpútà, àwọn bàbá wọ̀nyí ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe é lórí ilẹ̀ oko. Wọ́n kó o jọ, wọ́n pín in dọ́gba. Nọ́ńbà méjìlá tó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe àgbẹ̀ méjìlá. Oko kan ṣoṣo ni, lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá tó ti sinmi, tí èèyàn méjìlá fi àáró tọ́jú. Iṣu wo la máa gbìn síbẹ̀ tí kò ní í ta? Kò sí irọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Ìfisìn. Wọn ò fẹ́ kí ojú ti ẹnì kan nínú wọn ni. Irọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mo pa á, ẹ má ṣe wá ẹlòmíràn.

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè. Mo ní, “Sà, ti Ìfisìn ń kọ mí lóminú.” Ó wò mí láti òkè dígí rẹ̀. Ó ní, “Bọ́ládé, àwọn àlejò tó ń náwó fún wa ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Bí èyí ò bá jáde, wọ́n á gbé ètò yìí lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ṣé o rí iṣu yẹn? Ṣé kò tóbi?” Mo ní ó tóbi, sà. Ó ní, “Ṣé kò sí ìdánwò tó lè gbé e ni?” Mo ní, “Ìdánwò wà, sà.” Ó ní, “Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Mo ti sọ fún wọn pé a ní onímọ̀ ìṣirò tiwa níhìn-ín.” Kò sọ pé kí n purọ́, mo gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Ó kàn ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ ni, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oko kan ni, sà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni, ó wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n onímọ̀ ìṣirò ló pè mí. Kò sí ẹni tó tíì pè mí bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mọ́ mi ju òtítọ́ lọ.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ṣe ohun tó burú ju irọ́ lásán lọ: mo ṣiṣẹ́ mi dáadáa. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nọ́ńbà àwọn ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọ́n bákan náà, mo rí i pé ti Ìfisìn ṣù pọ̀ gan-an. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé nítorí èyí, Anófà lásán kò tọ́, ti Wẹ́ẹ̀ṣì ni mo lò. Mo tún fi èyí tó ń wo ipò dán an wò, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé n kò ṣọ́ra. Gbogbo wọn gbé ìràwọ̀ jáde. Kí ni kò ní í mú wọn gbé e jáde? Bí nọ́ńbà méjìlá bá fohùn ṣọ̀kan, ìdánwò á rò pé iṣu ló fìdí múlẹ̀. Kò mọ̀ pé ọwọ́ ló pín in. Lẹ́yìn èyí ni mo kan gbólóhùn tó ní kí n sọ bóyá àwọn tó wà nínú ìwádìí dá dúró. Mo kọ ọ́ pé àwọn àgbẹ̀ mẹ́rìndínlógójì náà dá dúró, pé oko ẹnì kan kò kan oko ẹnì kejì. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Nígbà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì dá ṣáṣá. Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan nínú àwọn àlejò bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ó pẹ́ tí òun ti rí ẹni tó fara balẹ̀ yan ìdánwò báyìí. Inú mi dùn títí mo fi délé.

Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n ti ń pín irúgbìn tuntun ní Ìyè àti àwọn ìlú tó yí i ká. Màmá ránṣẹ́ pè mí ní ọjọ́ Àìkú kan, pé kí n wá bá àwọn lẹ́yìn ìsìn. Iṣu kan wà lọ́wọ́ Màmá tí à ń pè ní iṣu Yèyé. Ìyá ìyá mi ló gbé irúgbìn rẹ̀ kúrò ní Ìgbólé nígbà tó lọ sílé ọkọ, Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń yọ ẹ̀bù sílẹ̀ lára rẹ̀ lọ́dọọdún láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Nígbà tí mo dé, mo bá ìyókù rẹ̀ nílẹ̀ nínú ilé ìdáná, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ Màmá, omi ti ń hó lórí iná. Wọ́n ní, “Bọ́ládé, wọ́n ní ùwọ lo kọ ùwé uṣu tuntun yìí.” Mo ní, “Èmi ni, Màmá.” Wọ́n ní, “Agbára mi ò ká méjèèjì mọ́. Bí mo bá gba tuntun, mo gbọ́dọ̀ jẹ ti Yèyé tán. Ùwọ ni mo ń dúró dè. Ṣé kí n bẹ ẹ́?” Ọ̀bẹ yẹn kò tíì kan iṣu. Mo rántí ẹyìn Bàbá Ọlọ́runfẹ́mi, mo rántí ilẹ̀ ẹ̀bá odò. Mo wo ojú Màmá, mo ní, “Ẹ bẹ ẹ́, Màmá.” Wọ́n bẹ ẹ́, wọ́n sè é, èmi ni mo gbé ọmọ odó tí mo gún un. Bí wọ́n ṣe ń bu iyán fún mi ni wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní, “Bí uṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Tìrẹ ti ta, ọmọ mi, fọwọ́ bò ó.” Mo fọwọ́, mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Nígbà tí wọ́n bù fún mi lẹ́ẹ̀kejì, mo gbà á. Iṣu tó tọ́ mi dàgbà, èmi náà ni mo jẹ èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀.

Ẹ ò ní í pẹ́ mọ ohun tó kàn. Iṣu tuntun náà bọ́ sórí ilẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò lọ́dọọdún, lọ́wọ́ opó tó ń dá kọ ebè. Kò ta. Èyí tó ta kò ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ, àwọn tí wọ́n tò sínú àká sì ti ń rà kí Kérésìmesì tó dé. Ní ọdún kejì, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Ọlọ́runfẹ́mi fúnra wọn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ti àwọn náà kò dára mọ́ láti ìgbà tí kálukú ti gbé e lọ sí oko rẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo sọ fún ọ nígbà yẹn pé a pín in ni. Ṣé o bá wa sọ fún wọn?” Mo ní, “Mo sọ, Bàbá.” Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n bá tiwọn lọ. Wọ́n kú ní ọdún 2020, wọ́n sì gbé irọ́ mi lọ bí òtítọ́. Mo lọ sí ìsìnkú wọn. Mo jẹun níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù kò tíì dé. Ní ìparí ọdún kejì yẹn, mo lọ sí Ìyè. Màmá jókòó lẹ́nu ọ̀nà àká tó ti ṣófo. Wọ́n ní, “Ọwọ́ mi ni, Bọ́ládé.” Mo ní kí ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní, “Mo ti rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì. Ùwé ní uṣu yẹn dára. Ùwọ lo kọ ùwé, ùwọ ò sì lè purọ́ fún mi. Kò ku nǹkan mìíràn. Ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́.” Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe rò ó. Kò sí àléébù nínú ìrònú yẹn, àfi èmi tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìdáhùn kan wà lẹ́nu mi tó lè gbé ẹrù yẹn kúrò lórí wọn lójú ẹsẹ̀. Mo gbé e mì. Mo ní, “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Ó lè jẹ́ òjò.” Òjò ni mo fún wọn. Wọ́n mirí, wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìró, àfi bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún àlejò.

Ọdún méje rè é. Bí Màmá bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń gbin iṣu, wọ́n á ká ọwọ́ sábẹ́ ìró. Àwọn ọkùnrin wá bẹ̀ wọ́n títí, ó sú wọn. Èyítáyọ̀ ọmọ wọn tó wà ní Èkó ní ogbó ni, kí a fi wọ́n sílẹ̀. Mo lọ wá irúgbìn iṣu Yèyé lọ sí Ìgbólé, mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tó ní in níbẹ̀ náà ti jẹ ẹ́ tán, wọ́n gba tuntun. Kí n tó ṣàìsàn, mo máa ń gbé oògùn lọ fún Màmá, mo ń gbé bùrẹ́dì, mo ń gbé aṣọ. Wọ́n á gbàdúrà fún mi. Bí mo bá ti ń gbọ́ àdúrà yẹn, ó máa ń rẹ̀ mí débi pé màá sáré wá mọ́tò padà.

Lẹ́yìn tí ọwọ́ tèmi náà kú, mo kọ lẹ́tà sí Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè, tó ti kó lọ sí Ìbàdàn. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó fèsì lórí fóònù pé, “Bọ́ládé, àjọ yẹn ò sí mọ́. Tọ́jú ara rẹ. Jẹ́ kó sùn.” N kò bá a wí, nítorí ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi rẹ̀ ẹ́ sùn. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìyè. Ìgbà gbígbìn ti dé. Wòsílátù, aládùúgbò Màmá, jókòó sí àgbàlá, ó ń gé ẹ̀bù rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Màmá wà nínú yàrá, wọ́n kẹ̀yìn sí fèrèsé kí wọ́n má bàa rí i. Mo fi ọwọ́ òsì di àga mú, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ti Ìfisìn, ti ìwé, ti àlejò, ti òjò.

Wọ́n ní, “Àwọn ará Ìfisìn yẹn, wọ́n jọ pín in ni?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.” Wọ́n ní, “Ohun tó dáa ni wọ́n ṣe.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, “Ùwọ sì ti mọ̀ kí o tó jẹ uyán yẹn?” Mo ní, “Mo ti mọ̀, Màmá.” Wọ́n yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó ṣe, wọ́n ní, “Kì í wá ṣe ọwọ́ mi?” Mo ní, “Kì í ṣe ọwọ́ yín. Kò fìgbà kan jẹ́ ọwọ́ yín.” Wọ́n yọ ọwọ́ méjèèjì jáde lábẹ́ ìró, wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́, wọ́n yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. “Ọdún méje,” ni wọ́n sọ. Mo bẹ̀ wọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n. Ọwọ́ wọn ni wọ́n ṣì ń wò.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbé ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo bẹ̀ yín náà, torí pé ọ̀dọ̀ mi lẹ ti kọ́ láti máa wá ìràwọ̀. Kí ẹ tó bi ara yín pé ìdánwò wo ni kí n lò, ẹ dìde lọ sí oko, ẹ lọ bi wọ́n bí wọ́n ṣe gbìn ín, àti ẹni tó bá wọn wa á. Ohun tí wọ́n bá sọ fún yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kódà bó bá máa ba iṣẹ́ jẹ́. Iṣẹ́ tó bàjẹ́, ẹ lè tún un ṣe. Mo tún ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Ìyè, àti lọ́wọ́ àwọn ọmọ Bàbá Ọlọ́runfẹ́mi níbikíbi tí ìwé yìí bá bá wọn. Bí ẹ ò bá lè forí jì mí, mo gbà.

N kò mọ̀ bóyá Màmá dárí jì mí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà nígbà tí wọ́n mú ọ̀pá, tí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, tí wọ́n jáde sí àgbàlá. N kò lè tètè dìde. Ohùn wọn ni mo ń gbọ́ láti inú yàrá.

“Wòsílátù,” wọ́n ní, “gbé ẹ̀bù kan fún mi. Wọ́n ní kì í ṣe ọwọ́ mi.”